Rédíò tí Mobọ́lá Fẹ́ Rà

Ní ọjọ́ Ajé ni Ṣẹ̀san ti ibi iṣẹ́ dé pẹ̀lú báńdéèjì funfun lọ́rùn ọwọ́ ọ̀tún. Ó ní ilẹ̀kùn ambúláǹsì ló gbá òun lọ́wọ́. Mobọ́lá ìyàwó rẹ̀ bá a bọ́ kóòtù, ó bu oúnjẹ fún un, ó sì gé ẹran inú rẹ̀ wẹ́wẹ́ kí ó lè fi ọwọ́ òsì jẹ ẹ́. Ó kàn kìlọ̀ fún un pé kí ó máa rọra ṣe ilẹ̀kùn ni. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà tún jí. Mobọ́lá àti Mùtíátù jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Levenshulme, nílùú Manchester. Wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ìyá òyìnbó kan lọ́wọ́, ọ̀kan di etí aṣọ mú níhìn-ín, èkejì dì í mú lọ́hùn-ún, ni Mùtíátù bá béèrè:

"Bọ́lá mi, ọwọ́ Bàbá Ìkẹ́ ńkọ́? Ṣé ó ti ń san?"

"Ó ń san díẹ̀díẹ̀. Ilẹ̀kùn burúkú ni."

Mùtíátù dúró. "Ilẹ̀kùn wo?"

"Ilẹ̀kùn ọkọ̀ wọn."

"Háà." Mùtíátù tẹjú mọ́ aṣọ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni pé wọ́n kọ nǹkan sí i. "Ẹnu mi yìí, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí n fi dá ilé onílé rú."

Ó ti dá a rú tán. Mobọ́lá kò jẹ́ kí ó jáde nínú yàrá náà títí ó fi sọ ọ́. Àbúrò Mùtíátù àti Ṣẹ̀san jọ ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ambúláǹsì kan náà. Ọkùnrin kan tí ọtí ń pa ni wọ́n lọ gbé ní Bolton. Bí Ṣẹ̀san ṣe bẹ̀rẹ̀ láti yẹ orí rẹ̀ wò ni ọkùnrin náà gbá ọwọ́ rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ bí ìgbà tí èèyàn ń fún aṣọ tútù, ó sì ta á nípàá lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn ọlọ́pàá tó dé.

"Kí ló wá dé tó fi ní ilẹ̀kùn ni?"

"Ọkùnrin ni, Bọ́lá. Gbogbo wọn ló ní ilẹ̀kùn tiwọn."

Láti ọjọ́ náà, oúnjẹ kò wọ ọ̀fun Mobọ́lá mọ́ bí Ṣẹ̀san bá ti lọ síbi iṣẹ́. Tẹ́lẹ̀, bí ambúláǹsì bá ń ké lọ ní Stockport Road, ariwo ìlú lásán ni lójú rẹ̀. Ní báyìí, kò sí èyí tó kọjá tí kò dìde lọ sí ojú fèrèsé. Ta ló wà nínú rẹ̀? Ọ̀dọ̀ irú èèyàn wo ni wọ́n ń lọ? Ní ọjọ́ Ẹtì, ó pe fóònù ọkọ rẹ̀ nígbà mẹ́fà. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ibi iṣẹ́ ni Ṣẹ̀san máa ń fi fóònù sí. Nígbà tó wá pè padà, ó bi í pé kí ló ṣẹlẹ̀, Mobọ́lá sì dáhùn pé iyọ̀ ló tán nílé.

Kò bá a wí nípa ilẹ̀kùn. Ẹni tó purọ́ lẹ́ẹ̀kan, bí èèyàn bá bi í, á tún fi òmíràn tì í lẹ́yìn. Ohun tí Mobọ́lá ń wá ni ọ̀nà tí òun fi lè mọ̀ láìbéèrè. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe rántí rédíò.

Panápaná ni bàbá tó bí i. Bárékè panápaná ní Abẹ́òkúta ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Rédíò ńlá kan wà lórí tábìlì ní ọ́fíìsì àwọn ọ̀gá, wọ́n á ṣí fèrèsé sílẹ̀, gbogbo bárékè á sì máa gbọ́ ohun tí àwọn tó lọ pa iná ń sọ. Bí ọkọ̀ bá ti jáde, àwọn ìyàwó á gbé àga kúkúrú wá sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé náà. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà á gbé ẹ̀wà rẹ̀ wá, ẹni tó ń di irun ọmọ á fa ọmọ lọ́wọ́ wá. Kò sí ẹni tó lé wọn rí. Lójú Mobọ́lá, ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ ra rédíò nìyẹn: kí àwọn ará ilé lè mọ ibi tí èèyàn wọn wà. Bí bárékè tó wà ní Abẹ́òkúta bá lè ní i, ìlú bíi Manchester kò lè ṣe aláìní i.

Ó wo orí fóònù rẹ̀. Ó rí i pé wọ́n ń pe irú rédíò bẹ́ẹ̀ ní scanner, pé èyí tó dára jù lásìkò yìí ni digital. Ó rí mẹ́ta tó wù ú, ó kọ orúkọ wọn sínú ìwé. Sábẹ́ ọ̀kan nínú wọn, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé ó ń gbọ́ ọlọ́pàá, panápaná àti ambúláǹsì. Mobọ́lá fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ ìyẹn. Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, ó ká ìwé náà sínú pọ́ọ̀sì, ó gba ṣọ́ọ̀bù Táòfíkì lọ.

Ọmọ Ìbàdàn ni Táòfíkì, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì ti ń tún rédíò àti fóònù ṣe ní Stockport Road láti ìgbà tí irun rẹ̀ ṣì dú. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, wáyà sì kún inú rẹ̀ bí ilá tó ń yọ́ nínú ìkòkò.

"Ẹ káàárọ̀, Alhaji."

"Káàárọ̀, ìyàwó wa. Ṣé fóònù tún ti jábọ́ sínú ọbẹ̀ ni?"

"Ẹ̀yin náà kì í gbàgbé nǹkan! Ọdún tó kọjá nìyẹn. Rédíò ni mo wá rà. Scanner. Kó jẹ́ digital."

Táòfíkì gbé rédíò tó ń tú lọ́wọ́ kalẹ̀. "Àwọn tó kù á bi ọ́ pé èló lo mú wá. Tèmi ni pé, kí lo fẹ́ gbọ́?"

Mobọ́lá kò múra sílẹ̀ fún ìbéèrè yìí. "Bàálù," ló wí. "Àwọn bàálù tó ń balẹ̀."

"O fẹ́ràn bàálù?"

"Gan-an ni."

"Irú èwo lo fẹ́ràn jù?"

"Àwọn... ńlá yẹn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni Táòfíkì wí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé rédíò mẹ́ta jáde lábẹ́ káńtà, ó tò wọ́n síwájú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ kò tóbi ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ. Táòfíkì ní ohùn lásán ni ìyẹn ń gbọ́, ohùn tí wọ́n sọ sínú afẹ́fẹ́ bó ṣe jáde lẹ́nu, àti pé ó ti tó, ó tún ṣẹ́kù, fún ẹni tó fẹ́ràn bàálù. Èkejì wúwo díẹ̀, ó ní ojú tó ń tàn. Digital ni. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé rédíò wọn máa ń sọ ohùn di nọ́ńbà kó tó jù ú sínú afẹ́fẹ́. Èkejì yìí á ṣa àwọn nọ́ńbà náà jọ, á sì sọ wọ́n di ohùn padà. Ìkẹta ni ti orí tábìlì, ó ń ṣe iṣẹ́ èkejì, ṣùgbọ́n kò ṣeé gbé kiri, kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì fi ń tò ó.

"Ti orí tábìlì, tí o ò bá ní sùúrù, á kàn máa wò ọ́ ni. Àkọ́kọ́ ni kí o mú."

Mobọ́lá kò tilẹ̀ wo àkọ́kọ́. Èkejì ló gbé, ó yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó jọ èyí tí òun fa ìlà méjì sábẹ́ orúkọ rẹ̀.

"Alhaji, ṣé èyí á lè gbọ́ ambúláǹsì dáadáa?"

Táòfíkì bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ambúláǹsì ti hu ìyẹ́?"

Mobọ́lá gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe. Ó jókòó sórí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ káńtà, ó sì sọ gbogbo rẹ̀: báńdéèjì, ilẹ̀kùn, Bolton, àti àwọn ìyàwó panápaná lẹ́bàá fèrèsé. Táòfíkì gbọ́ ọ dópin.

"Gbọ́, ọmọ mi," ló wí. "Èkejì ń gbọ́ digital, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ti ambúláǹsì ìlú yìí àti ti ọlọ́pàá wọn, digital nìkan kọ́. Wọ́n tún da àwọn nọ́ńbà náà rú, wọ́n sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í. Inú rédíò tiwọn nìkan ni kọ́kọ́rọ́ wà. Kò sí èyí tó lè ṣí i nínú ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì sí nínú ti ẹlòmíì. Ẹni tó bá ní tòun ń ṣí i, ó fẹ́ lù ọ́ ní jìbìtì ni."

"Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó ń gbọ́ ọ."

"Bóyá ìlú ibòmíràn tí wọn ò tí ì fi kọ́kọ́rọ́ ti tiwọn ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Níhìn-ín, kììììkìì ni wàá máa gbọ́."

"Tó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnìkan ní kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Ẹ̀yin mọ èèyàn, Alhaji."

"Òfin ńkọ́? Kí èèyàn ní rédíò nílé, kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Kó fetí sí ọ̀rọ̀ tí àwọn wọ̀nyẹn ń bá ara wọn sọ, ẹjọ́ ni. Èwo wá ni ti ìyàwó ẹni tó ń wa ọkọ̀ náà fúnra ẹ̀? Iṣẹ́ ta ló gbé físà yín dúró?"

Mobọ́lá gbé rédíò náà lé orí itan.

"Àti pé aláìsàn tí wọ́n ń gbé, wọ́n ń dárúkọ òpópónà rẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ń sọ ohun tó ń ṣe é. Ṣé ó ní kí ìwọ tó ń gé àlùbọ́sà nílé rẹ máa gbọ́ pé ìgbẹ́ gbuuru ló ń ṣe òun?"

"Ní Abẹ́òkúta, gbogbo wa la máa ń gbọ́ ọ."

"Abẹ́òkúta nìyẹn. Gbogbo yín náà lẹ mọ ẹni tó ń yàgbẹ́."

Mobọ́lá gbé èkejì padà sórí káńtà. Ó mú un fún ìgbà díẹ̀ kó tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n Táòfíkì wo aago ara ògiri, ó ní kó ní sùúrù. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ ti fẹ́ lù. Ó gbé rédíò tó dà bí ọṣẹ, ó fa irin rẹ̀ sókè, ó yí i díẹ̀.

"Jẹ́ kí n fi ohun tí àkọ́kọ́ ń gbọ́ hàn ọ́. Kò sí ẹjọ́ nínú ti èyí. Àwọn bàbá òyìnbó kan ni, wọ́n ṣe ìdánwò gba ìwé àṣẹ láti máa fi rédíò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá wù ló lè gbọ́ wọn."

Ohùn kan jáde, ó ń hó bí epo gbígbóná. Derek ni orúkọ bàbá náà, Rochdale ló ń gbé. Ó kí gbogbo èèyàn káàárọ̀, ó ní òjò ń rọ̀ lọ́dọ̀ tòun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pè á dáhùn, á sọ bí ara rẹ̀ ṣe rí. Ọ̀kan ní orúnkún òun ti ń gbọ́ràn. Ọ̀kan ní ìgbín ti jẹ ẹ̀fọ́ òun run. Òmíràn kò ní nǹkan kan sọ, ó kàn ní òun wà.

"Stan," ni Derek pè.

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

"Stan?"

Kììììkìì. Derek pè é lẹ́ẹ̀kẹta. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Ó ní òun fẹ́ pè é lórí fóònù, kí ẹnikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Rédíò dákẹ́. Obìnrin kan wọlé wá ra wáyà fóònù, Táòfíkì sì gbé ìka sókè sí i láì wò ó, obìnrin náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́.

Mobọ́lá kò mọ Stan rí. Síbẹ̀ ó di etí káńtà mú.

Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí ohùn kan tó yọ, ohùn àgbàlagbà tó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Stan ni. Ológbò rẹ̀ ló há sẹ́yìn ẹ̀rọ ìfọṣọ, òun sì ń gbìyànjú láti fa á jáde. Derek sọ̀rọ̀ sí i bí ẹni ń bá ọmọ wí. Lẹ́yìn náà ló ní kò sẹ́ni tó kù, gbogbo wọn ló pé.

Ibẹ̀ ni Mobọ́lá ti rí ọwọ́ ìyá rẹ̀ lójú ọkàn.

Ó rí i kedere, ọwọ́ tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́bàá fèrèsé ọ́fíìsì. Nígbà tí àwọn ọkùnrin ń pariwo nínú rédíò pé omi ti tán, pé òrùlé ń wó, ọwọ́ náà kò dúró. Ìyá rẹ̀ kò tilẹ̀ gbọ́ ìdajì ohun tí wọ́n ń sọ, ta ló lè gbọ́ ọ nínú irú ariwo bẹ́ẹ̀? Nígbà tí iná bá kú, tí ọ̀gá wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí pe orúkọ níkọ̀ọ̀kan, tí àwọn ọkùnrin ń dáhùn pé, "Mo wà, mo wà," ìgbà yẹn ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ máa ń dúró láàárín àwo. Ọ̀gá á wá parí rẹ̀ pé: "Iná ti kú, èèyàn pé." Ẹ̀wà á tún máa dún nínú àwo.

"Ṣé bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyí, Alhaji?"

"Gbogbo Sátidé. Ọdún kọkànlá tí mo ti ń gbọ́ wọn rèé." Táòfíkì pa rédíò náà. "Èwo lo wá ń mú lọ?"

"Mi ò mú ìkankan mọ́."

"Wò ó, o jókòó sórí àga mi, o lo bátìrì mi, o mú oníbàárà mi dúró lẹ́nu ọ̀nà!"

"Ẹ ṣé, Alhaji. Ọlọ́run á pèsè oníbàárà míì."

"Tó fẹ́ràn bàálù," ni Táòfíkì wí.

Nígbà tí Mobọ́lá dé ilé, Ṣẹ̀san ń fi ọwọ́ òsì lọ ṣẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀. Ìkẹ́ ọmọ wọn ti lọ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì.

"Bàbá Ìkẹ́, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù fún mi kẹ́ ẹ tó jó kọ́là."

Ó gbà á. Ó ń lọ aṣọ náà lọ, kò wo ojú rẹ̀. "Kí lorúkọ ilẹ̀kùn tó lọ́ yín lọ́wọ́ ní Bolton?"

Ṣẹ̀san wo báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀. "Ẹnu Mùtíátù nìyẹn."

"Mi ò dárúkọ ẹnìkankan."

"Kò yẹ kó sọ fún ẹ."

"Ẹ̀yin ló yẹ kẹ́ ẹ sọ fún mi."

"Tí mo bá sọ ọ́, kí ni wàá wí?" Ṣẹ̀san jókòó sórí apá àga. "Lọ́dún tí a dé, nígbà tí wọ́n ju òkúta lu gíláàsì ambúláǹsì wa, kí lo wí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko lo fi ń sọ ọ́: ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀, ẹ fi iṣẹ́ yẹn sílẹ̀. Iṣẹ́ tó gbé wa dúró sí ìlú yìí! Tí mo bá fi í sílẹ̀, kí la fẹ́ wí fún àwọn tó fún wa ní físà? Ìkẹ́ ń ṣe ìdánwò lọ́dún yìí. Ó yá mi lára kí n bá ilẹ̀kùn jà ju kí n máa bá ẹ jà lọ."

Mobọ́lá yí ṣẹ́ẹ̀tì náà sí òdì kejì. Òótọ́ ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà tilẹ̀ kéré, oṣù kan ni.

"Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù Alhaji Táòfíkì láàárọ̀ yìí," ló wí. "Scanner ni mo lọ rà, kí n lè máa gbọ́ yín."

Ṣẹ̀san fò dìde. "O lọ ra kí ni? Bọ́lá! Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

"Mi ò rà á. Ẹ jókòó. Alhaji ò tà á fún mi."

Ó jókòó padà, ó fi ọwọ́ tó mókun borí. Nígbà náà ni Mobọ́lá sọ ti Derek fún un, àti ti Stan pẹ̀lú ológbò rẹ̀, àti ti ìyá rẹ̀ pẹ̀lú àwo ẹ̀wà. Ó ní òun kò fẹ́ mọ òpópónà tí wọ́n lọ mọ́, òun kò fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n gbé. Bí iṣẹ́ bá ti parí, tó bá ti mú fóònù jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, kó tó bọ́ bàtà, kó fi ohùn ránṣẹ́ sí òun. Iná ti kú, èèyàn pé. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"Tí èèyàn ò bá pé ńkọ́?"

"Kẹ́ ẹ sọ ibi tó kù."

"Ìwọ náà ńkọ́?"

Mobọ́lá gbé áyọ́ọ̀nù dúró kí ó má bàa jó aṣọ. "Mi ò ní sọ pé kẹ́ ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀."

"Búra."

"Bíbélì ní ká má búra. Mo ti sọ ọ́."

Ṣẹ̀san wò ó títí, ó wá mi orí pé ó dáa. "Fún mi ní ṣẹ́ẹ̀tì mi," ló wí.

Láti ọjọ́ náà ni ohùn ti ń wọlé. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Ṣẹ̀san ń sọ ọ́ bí ọmọ ilé ìwé tí wọ́n ní kó ka ẹsẹ Bíbélì níwájú ìjọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi tirẹ̀ kún un. Iná ti kú, èèyàn pé, ebi ń pa èèyàn. Iná ti kú, èèyàn pé, ṣé ẹran ṣẹ́kù? Mobọ́lá á gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, á sì ṣí ìkòkò. Àwọn ambúláǹsì ṣì ń ké lọ ní Stockport Road. Ó ṣì máa ń gbé ojú sókè, ṣùgbọ́n kò dìde mọ́.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, aago méje ìrọ̀lẹ́ tí Ṣẹ̀san máa ń parí iṣẹ́ lù, kò sí ohùn. Ó di méje kọjá ogún ìṣẹ́jú. Mobọ́lá ti bu oúnjẹ tirẹ̀, ó sì ti fi àwo dé e. Ó jókòó tì í, fóònù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo. Ó di méje ààbọ̀ kí fóònù tó dún.

"Iná ti kú." Ṣẹ̀san mí sínú fóònù. "Èèyàn... èèyàn ò pé tán. Orúnkún òsì ló kù. Obìnrin kan ni, kò mọ ohun tó ń ṣe, ó ta á nípàá. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, egungun ò ṣẹ́, mò ń rìn. Kì í ṣe ilẹ̀kùn."

Mobọ́lá gbé fóònù. Ìka rẹ̀ ti kọ ọ́ kí ó tó mọ̀: Ẹ fi iṣẹ́. Ó dúró níbẹ̀, ó wo ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ sí pa wọ́n rẹ́, lẹ́tà kan lẹ́yìn òmíràn, títí ojú fóònù fi funfun.

Ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Yìnyín wà nínú fíríìjì tí a máa fi sí orúnkún náà. Ẹ máa bọ̀."

Ó ṣí àwo kúrò lórí oúnjẹ rẹ̀. Ó ti tutù díẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ ẹ́.